Tẹ́ ẹ bá fẹ́ràn UI dọ́kàn, ṣé UI á torí ẹ̀ gbà yín wọlé?

Gbàrà tí èsì ìdánwò JAMB bá ti jáde lọ́dọọdún ni àwọn ọ̀dọ́ máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí ní ìbéèrè kan náà. Wọ́n á ní: "Ẹ̀gbọ́n, UI ni mo fẹ́ o, mi ò fẹ́ ibòmíì. Kí ni mo lè ṣe tí wọ́n á fi mọ̀ pé mo fẹ́ wọn dénú?"

Ìbéèrè gidi ni, kò sì yẹ ká fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Mo mọ ọmọ kan tó máa ń wọ mọ́tò láti Ring Road lọ sí UI ní gbogbo Sátidé, kó kàn lè rìn káàkiri inú ọgbà. Mo mọ òmíì tó kọ ímeèlì gígùn ránṣẹ́ sí olórí ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ kan, tó ń ṣàlàyé bóun ṣe fẹ́ràn fásitì náà láti kékeré. Ẹnì kan tiẹ̀ bi mí bóyá kóun wá bóun ṣe máa lọ kí olùkọ́ kan nílé ẹ̀ ní Bódìjà, kí ìyẹn lè máa dá òun mọ̀ lójú.

Ìdáhùn mi ò gùn. Ìfẹ́ wúlò, àmọ́ ibì kan ṣoṣo ló ti wúlò: àyè àkọ́kọ́ nínú fọ́ọ̀mù JAMB, níbi tí wọ́n ti ní kẹ́ ẹ kọ iléèwé tẹ́ ẹ yàn ṣáájú àwọn yòókù. Tẹ́ ẹ bá ti kọ ọ́ síbẹ̀, ìfẹ́ ti parí iṣẹ́ ẹ̀ nìyẹn. Ohun tó kù ni máàkì, ìwé ẹ̀rí girama yín, àti ìpínlẹ̀ tẹ́ ẹ ti wá. Ẹni tó bá ní ọ̀nà mìíràn tún wà, ẹ bi í pé èló ló fẹ́ gbà.

Àyè kan ṣoṣo náà

JAMB máa ń fún akẹ́kọ̀ọ́ láyè láti yan ju iléèwé kan lọ. Lójú ẹni tí ò mọ bó ṣe ń lọ, ó máa dà bíi pé téèyàn ò bá rí ti àkọ́kọ́ wọ̀, ti ìkejì á gbà á. Àmọ́ ní UI, ẹni tó fi UI sípò kìíní ni wọ́n ń pè wá ṣe ìdánwò Post-UTME, máàkì JAMB ẹ̀ sì gbọ́dọ̀ tó 200 nínú 400. Tẹ́ ẹ bá gba 320, àmọ́ tó jẹ́ ipò kejì lẹ fi UI sí, ẹ ò sí lára àwọn tí wọ́n máa pè, àfi tẹ́ ẹ bá lọ yí i padà lọ́dọ̀ JAMB kí àsìkò tó kọjá.

Kì í ṣe UI nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. UNILAG l'Èkó àti OAU n'Ílé-Ifẹ̀ náà, ẹni tó bá fi wọ́n ṣáájú ni wọ́n ń dá lóhùn. Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé nínú fásitì mẹ́ta tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ń lé kiri yìí, ọ̀kan ṣoṣo lẹ lè bá fà á lọ́dún kan. Ẹ ò lè gbìyànjú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kẹ́ ẹ wá mú èyí tó bá dáa.

Lẹ́yìn ìyẹn, ìṣirò ló kù. UI máa ń pín máàkì JAMB sí ọ̀nà 8, wọ́n á pín máàkì Post-UTME, tó jẹ́ 100, sí ọ̀nà 2, wọ́n á wá ro méjèèjì pọ̀. Ìdánwò kọ̀ọ̀kan ló kó ìdajì.

Ẹ jẹ́ ká fi àwọn ọmọ méjì kan ṣàpẹẹrẹ. Ọ̀kan ń gbé ní Bódìjà, ó ti wọnú UI títí ó fi mọ gbogbo kọ̀rọ̀ ibẹ̀. Ó gba 290 nínú JAMB, ó gba 60 nínú Post-UTME. Tẹ́ ẹ bá ṣírò ẹ̀, 36.25 àti 30 ni, àpapọ̀ ẹ̀ jẹ́ 66.25. Ìkejì wá láti Ṣakí, kò tíì fojú rí géètì UI rí kó tó wá ṣèdánwò. Ó gba 240 nínú JAMB, ó gba 74 nínú Post-UTME. Tiẹ̀ jẹ́ 30 àti 37, àpapọ̀ ẹ̀ jẹ́ 67. Ọmọ Ṣakí ló wà níwájú. Kọ̀ǹpútà tó ń ṣe ìṣirò yẹn ò mọ ẹni tó fẹ́ràn UI jù, kò sì síbi tí wọ́n ti ní kó béèrè.

Ohun kan ṣì wà tí kì í ṣe ìfẹ́, tí kì í sì í ṣe máàkì nìkan. Láwọn fásitì ìjọba àpapọ̀, ìlànà ni pé ìdá 45 nínú 100 àyè tó wà jẹ́ ti àwọn tí máàkì wọn ga jù, ibi yòówù kí wọ́n ti wá. Ìdá 35 jẹ́ ti àwọn ìpínlẹ̀ tí wọ́n kà mọ́ agbègbè fásitì náà. Ìdá 20 jẹ́ ti àwọn ìpínlẹ̀ tí ìjọba gbà pé ẹ̀kọ́ ò tíì rinlẹ̀ tó níbẹ̀. Ìpínlẹ̀ abínibí yín ni wọ́n sì ń wò, kì í ṣe àdúgbò tẹ́ ẹ ń gbé. Wọ́n lè bí ọmọ sí Àgbowó, kó dàgbà sí Àgbowó, kó jẹ́ pé títì nìkan ló là á láàárín ilé wọn àti UI. Tí fọ́ọ̀mù ẹ̀ bá sọ pé ìpínlẹ̀ tó jìnnà ló ti wá, títì yẹn ò fi máàkì kankan kún tiẹ̀.

Ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀

Kò fi gbogbo ìgbà rí báyìí. Lọ́dún 1948 tí wọ́n dá fásitì Ìbàdàn sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi kọ́lẹ́ẹ̀jì lábẹ́ Fásitì London, akẹ́kọ̀ọ́ 104 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ lápá Ẹlẹ́yẹlé. Nígbà tí fásitì wá ń pọ̀ sí i ní Nàìjíríà, kálukú wọn ló ń ṣe ìdánwò àṣewọlé tiẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀wé dáadáa lè rí àyè gbà ní fásitì méjì tàbí mẹ́ta. Ọ̀kan ló sì máa lọ. Àyè tó gbà níbòmíì á wà lófìfo, àwọn tó yẹ kó bọ́ síbẹ̀ á wà nílé, ìgbà tí wọ́n bá fi máa mọ̀, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Torí ẹ̀ nìjọba ṣe dá JAMB sílẹ̀ lọ́dún 1978: kí ẹnì kan má bàa di àyè ẹni mẹ́ta mú. Àwọn fásitì tún wá mú Post-UTME dé lọ́dún 2005 torí wọ́n ní máàkì JAMB táwọn kan ń gbé wá ò bá ọpọlọ wọn mu. Láti ọdún 2017, orí CAPS, ètò ìgbaniwọlé JAMB tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ni gbogbo ẹ̀ ń gbà kọjá. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa fún yín láyè, ibẹ̀ náà lẹ ti máa sọ pé ẹ gbà tàbí ẹ ò gbà.

Nítorí náà, kíkọ orúkọ fásitì kan sípò kìíní ni ìfẹ́ tí wọ́n lè kà. Ó rọrùn láti rí, gbogbo èèyàn ló ní in, olówó ò ní ju ẹyọ kan lọ, tálákà náà ò ní ju ẹyọ kan lọ.

Ìmọ̀ràn orí fóònù

Níbo wá ni ọ̀rọ̀ kíkọ ímeèlì àti lílọ kí olùkọ́ ti wá? Orí fóònù ni. Ẹni tó bá ń wo fídíò àwọn tó fẹ́ japa lọ kàwé l'Amẹ́ríkà á máa gbọ́ pé: ẹ kọ̀wé sí ọ́fíìsì tó ń gbani wọlé, ẹ lọ wo ọgbà wọn, ẹ dara pọ̀ mọ́ ìpàdé tí wọ́n ń ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì, gbogbo ímeèlì tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ ni kẹ́ ẹ ṣí, torí wọ́n ń rí ẹni tó ṣí i.

Irọ́ kọ́ o. Àwọn iléèwé kan níbẹ̀ ń ṣe bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ìwé kan wà tí ọ̀pọ̀ fásitì Amẹ́ríkà máa ń kún lọ́dọọdún nípa ara wọn, Common Data Set lorúkọ ẹ̀. Ìlà kan wà nínú ẹ̀ tó ń béèrè bóyá wọ́n ń wo bí ìfẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ sí wọn ṣe tó. American University tó wà ní Washington ti kọ ọ́ síbẹ̀ rí pé ó ṣe pàtàkì gan-an. Harvard, Stanford àti MIT ní tiwọn ní àwọn ò wò ó rárá. Ẹ kíyè sí i dáadáa: àwọn tí gbogbo ayé ń dù kì í béèrè bóyá ẹ fẹ́ràn àwọn. Wọ́n ti mọ̀.

Ìbẹ̀rù ló ń mú káwọn yòókù béèrè. L'Amẹ́ríkà, ọmọ kan lè fi orúkọ sílẹ̀ ní iléèwé mẹ́wàá, kí mẹ́fà gbà á, kó já márùn-ún kalẹ̀. Iléèwé tí wọ́n ń já kalẹ̀ bẹ́ẹ̀ ò ní mọ iye akẹ́kọ̀ọ́ tó máa wá, kò ní mọ iye owó tó máa wọlé. Ìyẹn ni wọ́n ṣe ń wá ẹni tó máa wá lóòótọ́. Àwọn kan tiẹ̀ ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní Early Decision: ẹ ṣèlérí ṣáájú pé tí wọ́n bá gbà yín, ibẹ̀ lẹ máa lọ, kò sí pé ẹ tún ń wo ibòmíì.

Ẹ wá gbé e síbi tiwa. Lọ́dún 2025, èsì ìdánwò JAMB tó jáde lé ní mílíọ̀nù 1.9. Ṣé irú ibi tí èrò pọ̀ tó báyìí ni UI á ti máa bẹ̀rù pé ẹni tóun gbà lè má wá? Ẹni tí èrò tò sílẹ̀kùn ẹ̀ kì í béèrè ẹni tó fẹ́ràn òun jù. Ìmọ̀ràn tó wúlò ní Washington ò wúlò ní Àgbowó torí pé ohun tó ń ba iléèwé ibẹ̀ lẹ́rù kì í ṣe ohun tó ń ba tibí lẹ́rù.

Ẹ tún wo Gẹ̀ẹ́sì. Ní tiwọn, UCAS ni àjọ tó ń gba fọ́ọ̀mù. Ọmọ lè yan kọ́ọ̀sì márùn-ún, kò sí pé ọ̀kan ṣáájú ọ̀kan, àwọn fásitì ò sì rí ibòmíì tó yàn títí á fi fèsì sí ohun tí wọ́n fún un. Ìgbà tí wọ́n bá ti dá a lóhùn tán ló máa wá sọ èyí tó fẹ́ jù àtèyí tó máa fi ṣe àtìlẹ́yìn. Iléèwé ló kọ́kọ́ ń sọ̀rọ̀, ọmọ ló ń sọ tiẹ̀ kẹ́yìn. Níbí, ọmọ ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ búra, kó tiẹ̀ tó mọ máàkì tóun máa gbà.

Àwọn tó ń fi ìfẹ́ yín jẹun

Ohun tó jẹ́ kí n kọ àpilẹ̀kọ yìí gan-an nìyí. Níbi tí èèyàn bá ti gbà pé fásitì ń wo nǹkan kan tó yàtọ̀ sí máàkì, ẹnì kan á dé tó máa ní òun lòun ń ta nǹkan náà.

Ìyá kan tó ń ránṣọ ní Challenge sọ fún mi pé ọkùnrin kan wá bá òun lẹ́yìn tí ọmọ òun ṣe Post-UTME tán. Ó ní òun mọ ẹni tó mọ ẹnì kan nínú. Ó ní òun á bá wọn gbé orúkọ ọmọ náà síwájú kí wọ́n lè mọ̀ pé ìdílé wọn fẹ́ràn fásitì náà gidi. Owó kékeré kọ́ ló gbà. Ìyá náà ta ọ̀kan nínú ẹ̀rọ ìránṣọ méjì tó ní. Ọmọ ọ̀hún rí àyè gbà. Máàkì ẹ̀ ju òdiwọ̀n tí wọ́n gbé jáde fún kọ́ọ̀sì náà lọ dáadáa. Bí wọ́n bá jókòó sílé láìfún ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀, á wọlé náà ni. Àmọ́ títí dòní, ìyá náà ṣì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn.

Bí òwò wọn ṣe rí nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká ní wọ́n gba owó lọ́wọ́ ẹni mẹ́wàá. Bí mẹ́rin bá wọlé pẹ̀lú máàkì ara wọn, mẹ́rin yẹn á máa polówó wọn kiri. Wọ́n á ní kí mẹ́fà yòókù fara balẹ̀, orúkọ wọn ń bọ̀ lẹ́yìn. Kò sí iṣẹ́ tó rọrùn tó kéèyàn máa ta òjò fáwọn èèyàn nínú oṣù kẹfà. Ẹ sì rántí CAPS: ìwé ìgbaniwọlé tí ò bá sí lórí ẹ̀, ìwé lásán ni, ẹni yòówù kó fọwọ́ sí i.

Ibi tí mo dúró sí

Àwọn kan máa ń sọ pé ó yẹ kí fásitì wa náà máa ṣe bíi ti Amẹ́ríkà, kí wọ́n máa wo ìtara ọmọ, kí wọ́n máa ka lẹ́tà tó kọ. Mi ò fara mọ́ ọn. Ta ló lówó mọ́tò tó máa wá wo ọgbà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá? Ta ló ní dátà tó máa fi wọ gbogbo ìpàdé orí íntánẹ́ẹ̀tì? Ta ni bàbá ẹ̀ mọ olùkọ́ tó ń gbé ní Bódìjà? Ọmọ tó ń gbé nítòsí tó sì lówó lọ́wọ́ ni wọ́n á máa sọ pé ó nítara, ọmọ Ṣakí tó ń fi àtùpà kàwé ni wọ́n á ní kò fẹ́ wọn tó. Bí máàkì ṣe le tó, kò mọ ojú ẹnikẹ́ni.

Àmọ́ mi ò ní torí ẹ̀ sọ pé ohun tá à ń ṣe báyìí dáa tán. Òfin ipò kìíní ń sọ fún ọmọ pé ẹni tó bá lé eku méjì á pòfo. Ó dáa. Àmọ́ àwọn àgbà kan náà ló ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni à ń ní kó ta ayò ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bó bá fi UI ṣáájú, tí máàkì tó kù díẹ̀ kò tó ìdá kan, fásitì mìíràn tí máàkì ẹ̀ tó wọ̀ tọ́wọ́tẹsẹ̀ lè má wojú ẹ̀, torí pé ipò kejì ló fi wọ́n sí. Ó máa jókòó sílé lọ́dún kan, kì í ṣe torí pé kò mọ̀wé, torí pé ó sọ ohun tó wà lọ́kàn ẹ̀ ni. Ọmọ tó gbójú lé ibi tó rọrùn látìbẹ̀rẹ̀ á ti máa wọ kíláàsì.

Ohun tí mo rò pé ó tọ́ ni pé kí ipò kejì ní ìtumọ̀. Kí JAMB àtàwọn fásitì ìjọba jọ fẹnu kò pé tí ẹni tó fi wọ́n ṣáájú bá ti gba àyè tiẹ̀ tán, wọ́n á wo àwọn tó fi wọ́n sípò kejì, gẹ́gẹ́ bí máàkì wọn ṣe ga sí, kó tó di pé àsìkò lọ. CAPS tí wọ́n ní lọ́wọ́ báyìí lè ṣe é. Gbogbo orúkọ ló wà lójú kan, ẹnì kan ò sì lè di àyè méjì mú lórí ẹ̀. Ìṣòro ọdún 1978 ti ní oògùn. Kí ló dé tá a ṣì ń jẹ́ káwọn ọmọ máa sanwó àìsàn náà?

Kí òfin tó yí padà

Ní báyìí ná, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ kọ JAMB, ẹ gbọ́ tèmi. Ẹ kọ́kọ́ wá òdiwọ̀n máàkì tí UI gbé jáde fún kọ́ọ̀sì tẹ́ ẹ fẹ́ lọ́dún méjì tàbí mẹ́ta sẹ́yìn. Wọ́n máa ń gbé e jáde, kì í ṣe ohun ìkọ̀kọ̀. Ẹ ṣe ìdánwò àtijọ́ sílé, kẹ́ ẹ fúnra yín máàkì láìṣojúsàájú, kẹ́ ẹ wá ro ó bí mo ṣe ṣàlàyé lókè. Tí ẹ ò bá tíì sún mọ́ ọn, ẹ ronú nípa kọ́ọ̀sì mìíràn ní UI tàbí kọ́ọ̀sì kan náà níbòmíì, kẹ́ ẹ tó kọ nǹkan kan sípò kìíní. Ẹni tó fẹ́ràn UI lè kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ohun ọ̀gbìn níbẹ̀. Ẹni tó fẹ́ràn òfin lè kọ́ ọ níbòmíì. Ó dáa kẹ́ ẹ mọ èyí tẹ́ ẹ fẹ́ràn gan-an nínú méjèèjì.

Lẹ́yìn tí èsì bá jáde, tí máàkì yín ò bá gbé yín dé ibi tẹ́ ẹ yàn, ẹ tètè lọ yí i padà nígbà tí JAMB ṣì ṣílẹ̀kùn ẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ìtìjú tàbí ohun tí àwọn ọ̀rẹ́ máa sọ mú yín dúró síbi tí kò sí àyè. Ẹ rí i pé èsì ìdánwò girama yín ti wà lórí CAPS, torí ọ̀pọ̀ ọmọ tí máàkì wọn pé ló ń ti ibẹ̀ ṣubú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń kọ̀wé sí Amẹ́ríkà, ẹ lọ wo Common Data Set iléèwé tẹ́ ẹ fẹ́ kẹ́ ẹ tó máa ná dátà yín sórí ìpàdé wọn. Bí wọ́n bá ní àwọn ò wo ìfẹ́, ẹ gbà á bẹ́ẹ̀.

Ní ti owó mọ́tò Sátidé yẹn, ẹ fi ra ìwé ìbéèrè àtijọ́. Bẹ́ ẹ bá wọlé tán, ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún ló wà nílẹ̀ tẹ́ ẹ máa fi rìn káàkiri ọgbà náà títí ẹsẹ̀ á fi ro yín.